Ẹ Bi Ìyá Akápò: Nígbà tí pàjáwìrì dé, tí owó ìtọ́jú ilé ò wọlé mọ́

Gbogbo lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi lóṣù yìí, owó ni wọ́n ń sọ. Mo ṣa mẹ́rin nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà mí, ọdún 11 ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì nínú ilé kan tó ní fúláàtì 36, ọdún tí kòrónà dé sì bá mi lórí àga náà. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ìwé ìṣirò ni mo mọ̀, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kó má bàa pàdé akápò.

*Ìyá Akápò, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ wa, fúláàtì 24 la jẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde pàjáwìrì tí iṣẹ́ sì ti dáwọ́ dúró, onífúláàtì mẹ́sàn-án ò tíì san owó ìtọ́jú ilé, ó di oṣù méjì báyìí. Lórí WhatsApp wa, ẹnìkan ní ká fagi lé owó náà fún gbogbo èèyàn fún oṣù mẹ́fà, pé àánú ló yẹ ká ṣe ara wa. Àwọn tó tẹ àtàǹpàkò sí i pọ̀ ju àwọn tó dákẹ́ lọ. Alága ní ká lọ kó owó ìpamọ́. Kí ni kí n ṣe? — Akápò tí oorun dá lójú rẹ̀*

Akápò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ àìsùn yẹn.

Ẹni tó ní kí ẹ fagi lé owó, ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í léèrè ẹni tí yóò san owó iná tó ń fa omi lọ sókè lóṣù tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ onífúláàtì kì í tajà, kì í jèrè, kò sì ní ibì kan tí èrè ọdún tó kọjá wà tí yóò máa jẹ. Èyí tó wọlé lóṣù ló ń jáde lóṣù. Tí pàjáwìrì bá sì dé, èèyàn lè jókòó sílé láìṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé fúnra rẹ̀ kì í jókòó. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, owó omi wa lọ sókè torí gbogbo èèyàn wà nílé látàárọ̀ dalẹ́. Ìdọ̀tí tí à ń kó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún àkúnwọ́sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Agbálẹ̀ wa ń nu bọ́tìnnì lífítì lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ apakòkòrò tó ń lò ò sì sí nínú ètò ìṣúná ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ìwé mi fún yín, torí àlàyé ẹnu kì í tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí fúláàtì kan ń san lóṣù kan ni màá pè ní ìpín. Fúláàtì 36, ìpín 36 lóṣù. Àwọn sikiọ́ríti ń gba 10 nínú rẹ̀. Iná àtẹ̀gùn àti ti pọ́ǹpù omi ń gba 7. Agbálẹ̀ 4, owó ìpamọ́ 4, ìtọ́jú lífítì 3, adójútòfò 3, àwọn tó ń kó ìdọ̀tí 3, àtúnṣe wẹ́wẹ̀wẹ́ 2. Ó pé 36, kò ṣẹ́kù.

Ní oṣù Kẹrin 2020, onífúláàtì 11 ò san. Ìpín 25 ló wọlé. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú pẹ́ńsù àti ìrésà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa nǹkan rẹ́. Mo dá owó ìpamọ́ dúró, 36 di 32. Mo ní kí àtúnṣe dúró, ògiri tí a fẹ́ kùn kò ní sá lọ, 32 di 30. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ń fún wa níná, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà pé ká máa san 4 dípò 7 fún oṣù mẹ́ta, 30 di 27. Ibẹ̀ ni ìrésà mi dúró. Àwọn sikiọ́ríti ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn ni àbí agbálẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ? Ìpín méjì tó ku, inú owó ìpamọ́ ni mo ti yọ ọ́. Àwọn 11 yẹn náà ò rí nǹkan san ní oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe rọ́ ọ títí oṣù mẹ́ta fi pé.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn oṣù Kẹfà, mo tún mú pẹ́ńsù. A jẹ ilé-iṣẹ́ iná ní ìpín 9. Owó ìpamọ́ fi 18 dín sí ibi tó yẹ kó wà: 12 tí a kò fi sí i, 6 tí a yọ níbẹ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe tó tó ìpín 6 ń dúró dè wá. Mo rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 33. Mo wá rò ó pé èèyàn 11 ni, oṣù mẹ́ta ni, èèlòó ni wọn ò san? 33. Kò fi ẹyọ kan yẹ̀. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé mo ń wá àṣìṣe. Gbogbo ìrọ̀rùn tí a fún àwọn èèyàn wa yẹn, gbèsè ni, ó kàn ń paàrọ̀ ilé tó ń sùn ni: àwọn kan wà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ iná, àwọn kan wà nínú àpò ìpamọ́, àwọn kan wà lára ògiri.

Nítorí náà, ẹ má fagi lé e, ẹ sún un síwájú, kí ẹ sì dá ọjọ́ sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣe é dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Ní Jámánì, òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹta 2020 ní onílé kò gbọdọ̀ lé ayálégbé jáde nítorí owó ilé oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún náà tí kòrónà kò jẹ́ kó lè san, ṣùgbọ́n wọn ò fi owó náà jì í. Títí di June 30, 2022 ni wọ́n fún un láti san án tán. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: owó wo, ti oṣù wo, dìgbà wo. Èyí tí ẹnìkan bá kọ sórí WhatsApp pé “títí nǹkan yóò fi dára” kò ní ọjọ́ kankan nínú. Ẹni tó jẹ gbèsè yóò sọ pé nǹkan ò tíì dára, ẹni tó ń san yóò sọ pé ó ti dára tipẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ lè fi jì wọ́n pátápátá lónìí, òun ni owó ìtanràn tí ẹ ń bù lé ẹni tó bá pẹ́ kó tó san. Kò sí nínú ètò ìṣúná yín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́kàn lé e. Ìjọba Rọ́ṣíà ṣe irú rẹ̀ ní April 2, 2020: wọ́n ní títí di January 1, 2021, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ìtanràn lórí owó omi, owó iná àti owó ìtọ́jú ilé tí wọ́n bá pẹ́ san. Wọn ò sì dá a mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onífúláàtì. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ ilé-iṣẹ́ omi tàbí iná náà bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn. Gbèsè gan-an dúró níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ìrọ̀rùn, kí ẹ tó pín in fún ẹlòmíràn: lọ́dọ̀ àwọn tí ẹgbẹ́ yín jẹ lówó. Ẹ pè wọ́n kí ọjọ́ ìsanwó tó dé, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ́lẹ̀. Ọmọdébìnrin tó gbé fóònù bi mí pé, “Mà, ṣé ìdílé ni yín ni àbí ilé-iṣẹ́?” Mo ní a ò kí ń ṣe ìdílé, a ò kí ń ṣe ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì ni wá. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mà, mi ò rí yín níbí.” Ètò kan wà fún ìdílé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ètò kan wà fún oníṣòwò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì, àwa tí ìdílé 36 so mọ́ lọ́rùn kò sí níbì kankan. Ó tó ìpè mẹ́rin kí n tó bá ọ̀gá kan tó ní àṣẹ láti ṣe ohun tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà pàdé.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Nígbà tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn oníṣòwò kéékèèké lówó ní oṣù Kẹrin 2020, irú ẹ̀yáwó tí wọ́n lè fi jini bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bá lọ sí owó oṣù òṣìṣẹ́, àwọn ilé alájẹṣẹ́kù, níbi tí àwọn tó ń gbénú ilé ti jùmọ̀ ni ín, kò rí ọ̀nà wọlé. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni òfin tuntun tó dárúkọ wọn jáde. Wọ́n ní agbálẹ̀, wọ́n ní aṣọ́lé, wọ́n ń san owó oṣù bíi ti ẹlòmíràn, síbẹ̀ oṣù mẹ́jọ kọjá lórí wọn. Torí náà, tí ìjọba yín bá kéde ìrànwọ́, ẹ má wo àkọlé ìròyìn nìkan. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó lè gbà á. Bí orúkọ irú ẹgbẹ́ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà, kí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó wà ládùúgbò náà kọ, kí ẹ má ṣe dá kọ ọ́.

Ní ti owó ìpamọ́, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án, èmi náà fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ pa á mọ́. Tí ó bá jẹ́ ti kíkun ògiri, ẹ yá a. Tí ó bá jẹ́ ti òrùlé tó ń jò tàbí ti ọ̀pó tó ti sán, owó yẹn kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀. Ní June 24, 2021, ilé alájà 12 kan wó lulẹ̀ lóru ní Surfside ní ìpínlẹ̀ Florida, èèyàn 98 kú. Láti 2018 ni ẹnjiníà ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ilé náà nípa bí kọnkéré rẹ̀ ṣe ti bàjẹ́ tó, ọdún bíi mẹ́ta ni àwọn onífúláàtì sì fi fa ọ̀rọ̀ owó àtúnṣe mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Florida ṣe òfin ní 2022 pé àwọn tó ní fúláàtì nínú ilé tó bá ga tó àjà mẹ́ta ò ní lè máa dìbò mọ́ láti má pa owó mọ́ fún irú àtúnṣe tó gbé ilé ró. Bákan náà ni adójútòfò àti àyẹ̀wò lífítì. Ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kó já.

Àwọn mẹ́sàn-án yín wá ńkọ́? Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ojú kan. Tèmi ò ju ìlà mẹ́rin lọ: fúláàtì wo, oṣù wo ni kò lè san, ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í san padà, ìpín mélòó lóṣù. Mi ò bi wọ́n ní ìdí. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò nílò kí akápò tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Méje nínú àwọn 11 fọwọ́ sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú wọn dùn. Obìnrin kan sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí òun ti jẹ gbèsè, òun ò lè wọ lífítì pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, pé ìwé yẹn ló jẹ́ kí òun padà sínú lífítì.

*Ìyá Akápò, ìjọba ní kí èèyàn má kó jọ. Ìpàdé ọdọọdún wa ti kọjá ọjọ́, sáà alága wa ti tán lóṣù tó kọjá, a kò sì tíì fọwọ́ sí ètò ìṣúná tuntun. Bánkì ń bèèrè ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Àwọn kan ti ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìgbìmọ̀, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ wọn. Ṣé òótọ́ ni? — Akọ̀wé*

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ yẹn, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti san tirẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé òfin ẹgbẹ́ yín. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, gbólóhùn kan máa ń wà lọ́nà ìsàlẹ̀ pé àwọn ìgbìmọ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ títí tí wọ́n á fi yan àwọn mìíràn. Tiwa wà lójú ìwé kejìlá, ẹnikẹ́ni ò kà á rí kó tó di 2020. Tí kò bá sí nínú tiyín, ẹ wá a nínú òfin pàjáwìrì tí ìjọba yín ṣe, torí ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe tuntun. Jámánì ṣe é nínú òfin oṣù Kẹta 2020 tí mo ti mẹ́nu bà: alámòójútó ilé tí wọ́n yàn kẹ́yìn dúró sórí iṣẹ́ títí wọ́n á fi yọ ọ́ tàbí tí wọ́n á fi yan ẹlòmíràn, ètò ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí kẹ́yìn sì ń bá a lọ títí tuntun á fi dé. Spain ṣe tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2021. Wọ́n ní kò pọn dandan kí àwọn onífúláàtì ṣe ìpàdé ọdọọdún títí di December 31 ọdún náà, wọ́n fi kún sáà àwọn olóyè, wọ́n sì sọ ètò ìṣúná tó kẹ́yìn di èyí tí wọn á máa lò lọ. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn méjèèjì lò: kí owó tí ilé fi ń ṣiṣẹ́ má dúró nítorí pé èèyàn ò lè jókòó pọ̀.

Ṣùgbọ́n ètò ìṣúná àtijọ́ ni o. Ẹ má fi orúkọ pàjáwìrì fi owó lé owó, ẹ má sì fọwọ́ sí iṣẹ́ ńlá tuntun.

Tí ẹ bá lè ṣe ìpàdé lórí fóònù, ẹ ṣe é, bó ti wù kó rí. Tiwa àkọ́kọ́ rí bákan ṣá. Bàbá kan tó ń gbé àjà kẹta dojú fóònù kọ òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àjà ilé wọn nìkan la rí fún wákàtí kan àti ààbọ̀, àti fáànù tó ń yí. Òun ló sì sọ ohun tó ṣe wá lóore jù lọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ká má nawọ́ sókè, ká máa pe orúkọ fúláàtì kọ̀ọ̀kan kí onítọ̀hún sọ “mo gbà” tàbí “mi ò gbà”, kí akọ̀wé kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ yẹn ni bánkì wa fẹ́ rí. Ẹ mú un lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà ojú ìwé òfin tí ẹ gùn lé.

*Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Akápò. Mo ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì ni mo fi ń gbọ́ bùkátà, síbẹ̀ mi ò pẹ́ san rí. Àwọn tó ń gbé òkè mi ò san láti oṣù mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ mo fojú mi rí i tí wọ́n ń gbé tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé. Mo bi ìgbìmọ̀, wọ́n ní àwọn ti “dẹ okùn fún wọn.” Ta ló ní kí wọ́n dẹ okùn? Ṣé èmi náà ò lè dúró? — Ẹni tó ń san*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ̀yin lẹ gbé ilé yẹn ró. Inú ń bí yín, ó sì yẹ kó bí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró. Tí ẹ bá dúró, àwọn tó wà lókè yín kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, agbálẹ̀ ni.

Tẹlifíṣọ̀n yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó lè jẹ́ pé àwọn náà ló rà á, ìyẹn sì burú. Mi ò mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà yín ni bí ìgbìmọ̀ ṣe dá yín lóhùn. Kí n tó di akápò, alága kan wà nílé wa tó rọra fi owó oṣù mẹ́rin ji ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Inú rere ló pè é, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ó hàn síta lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí àtẹ̀gùn, láàárín ìyàwó ọ̀rẹ́ náà àti ẹni tí wọ́n jọ ń gbé àjà kan. Kí oṣù yẹn tó pé, èèyàn mẹ́fà ti jáwọ́ nínú owó sísan, kì í ṣe pé wọn ò ní, wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n fi ti àwọn náà jì wọ́n. Ó tó ọdún kan kí a tó kó ọ̀rọ̀ yẹn nílẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ yín, ẹ bèèrè fún iye fúláàtì tí wọ́n sún owó wọn síwájú, iye owó náà lápapọ̀ àti ọjọ́ tó yẹ kí ó ti wọlé tán. Orúkọ àti ìdí, ẹ má bèèrè. Ìgbìmọ̀ tó bá lè dáhùn ìwọ̀nyẹn láàárín ọjọ́ kan ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò bá lè dáhùn ti fi owó jini láìsọ fún yín.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀: ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, gbèsè owó ìtọ́jú ilé kì í tẹ̀lé èèyàn nìkan, ó máa ń tẹ̀lé fúláàtì. Ní Spain, ẹni tó bá ra fúláàtì lè san gbèsè tí ẹni tó tà á fún un fi sílẹ̀, ti ọdún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ àti ti ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹ lọ wo bí tiyín ṣe rí. Àwọn tó wà lókè lè kó lọ lọ́la, iye tí wọ́n jẹ lè má kó lọ.

*Mà, bánkì kan fẹ́ yá ẹgbẹ́ wa lówó tí a ó fi rọ́jú títí pàjáwìrì yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ní ká fi san án. Ṣé ká gbà á? Ó sì wù mí kí n mọ̀, tiyín, ìgbà wo ni owó náà padà wọlé tán? — Ọmọ ìgbìmọ̀*

Kí lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe? Ẹ ò sọ fún mi, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Bí pọ́ǹpù omi bá jóná, ẹ yá owó, torí pọ́ǹpù náà yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yá owó láti fi san owó oṣù sikiọ́ríti, ọdún mẹ́ta ni ẹ ó fi máa san èlé lórí òru tí ó ti ṣọ́ tán. Ní Florida, òfin gba ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ láàyè láti yá owó nígbà pàjáwìrì, kí wọ́n fi ohun ìní ẹgbẹ́ dúró, láìdúró de ìbò àwọn onífúláàtì. Ìjì líle ni wọ́n ní lọ́kàn, níbi tí òrùlé lè ṣí lọ lóru tí ẹni tó ni ilé kò sì sí nítòsí. Agbára ńlá ni. Tí mo bá wà nípò yín, kódà tí òfin bá gbà mí láàyè, màá kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀yáwó náà han gbogbo onífúláàtì, pàápàá ojú ìwé tí wọ́n ti kọ ẹni tí bánkì yóò dì mú.

Èyí tí a ṣe nígbà tiwa ni pé, nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná fẹ́ gba ìpín 9 rẹ̀ ní oṣù Keje, mo lọ bá mẹ́ta nínú àwọn tí ọwọ́ wọn ṣì tó ẹnu, mo ní kí wọ́n san ti oṣù mẹ́ta níwájú. Wọ́n san án. Bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀, a tún ṣí gbèsè kúrò lọ́dọ̀ iná, a gbé e fún àwọn mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí èlé níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wá gba ilé lọ́wọ́ wa. Nígbà náà sì ni àwọn tó fọwọ́ sí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í san ìpín kan àti ààbọ̀ lóṣù.

Ìgbà tó padà wọlé tán ni ẹ béèrè. Àwọn méje tó fọwọ́ sí ìwé, oṣù Kìíní 2021 ni ẹni tó pẹ́ jù nínú wọn parí. Àwọn mẹ́rin yòókù fà á gidigidi. Ọ̀kan ta fúláàtì rẹ̀, ẹni tó rà á ló san án. Ìpín tó kẹ́yìn nínú 33 yẹn, oṣù Kẹta 2022 ló dé, nínú àpòòwé tí wọ́n tì sí abẹ́ ilẹ̀kùn mi. Kò sí orúkọ lára rẹ̀, nọ́ńbà fúláàtì nìkan. Mo kọ ìwé ìgbowó, mo gun àtẹ̀gùn lọ sí àjà karùn-ún, mo tì í sí abẹ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà.